Ìjàpá Bàbá Tíṣà Àti Màíkírà Ìyá Elélùbọ́

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dá awuyewuye sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ẹ kàn fa táyà kan mọ́ra, kẹ́ ẹ jókòó lé e, kẹ́ ẹ wá béèrè pé, "Ẹ̀yin ọ̀gá, nínú Ìjàpá ayé àtijọ́ àti Màíkírà ayé ìsinsìnyí, èwo gan-an lọkọ̀?" Ó parí. Spánà á bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì. Àwọn àgbà á ní ọkọ̀ ti tán láyé, pé agolo mílíìkì ni wọ́n ń kùn lọ́dà tí wọ́n ń tà fáwọn èèyàn lóde òní. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á máa rẹ́rìn-ín lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á ní ẹ̀yin bàbá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre, ọkọ̀ tí èèyàn máa kọ́kọ́ tì kó tó ṣiṣẹ́, ọkọ̀ wo nìyẹn?

Nínú ilé kan ní Ìlobùú, ọ̀rọ̀ yìí kọjá àwàdà. Ó di ìpàdé ẹbí, ó di ọ̀rọ̀ owó, àwọn ọmọ ìyá kan náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kí ara wọn mọ́ nítorí ẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ apá ibẹ̀, kó fọkàn tẹ̀ lé ojú títì tó ti Òṣogbo jáde gba apá Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Ẹ̀rín-Ọ̀ṣun lẹ máa kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn náà Ìlobùú, ìlú Olóbùú, níbi tí wọ́n ti ń bọ Ẹrinlẹ̀ látayébáyé. Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ìlú Olúfọ́n, sì nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwé ìjọba fi ọ̀kan sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, ó fi ìkejì sábẹ́ Orólù. Àmọ́ lójú ìyá ọlọ́jà, ìlú méjèèjì ò ju ilé bàbá àti ilé ọkọ lọ. Obìnrin tó pọ̀ ló wà ní Ìfọ́n tó jẹ́ pé Ìlobùú ni wọ́n ti gbé e níyàwó, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lódìkejì.

Ọ̀kan nínú wọn ni Ìyá Elélùbọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Bàbá tó bí i, tíṣà ni ní Ìlobùú kó tó fẹ̀yìn tì, Bàbá Tíṣà sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é títí dòní. Nígbà tí owó Udoji jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Gowon san àjẹsílẹ̀ owó oṣù fáwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹni tó máa ra rédíò rà á, ẹni tó máa ra alùpùpù rà á, ẹni tó máa fẹ́ ìyàwó kejì náà fẹ́ ẹ. Bàbá Tíṣà fi tiẹ̀ kún owó tó yá, ó ra Ìjàpá aláwọ̀ àwọ̀sánmà. Ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, tí ti Peugeot náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ẹ má gbàgbé pé ọdún 1972, lọ́jọ́ kejì oṣù kẹrin, ni Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ tíṣà tó ra mọ́tò nígbà Udoji, ọ̀tún nìkan ni wọ́n kọ́ ọ sí, wọn ò mọ òsì rí.

Láyé ìgbà yẹn, mọ́tò ẹnì kan, mọ́tò gbogbo àdúgbò ni. Aboyún tó bá ń rọbí lóru, ilẹ̀kùn Bàbá Tíṣà ni wọ́n máa ń kàn. Ìyàwó ọ̀nà tó bá ń lọ sílé ọkọ, Ìjàpá ni. Aláìsàn tó ń lọ sí Òṣogbo, Ìjàpá ni. Ìyá Elélùbọ́ alára, orí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn ni wọ́n tẹ́ ìyá rẹ̀ sí tí wọ́n fi gbé e lọ bí i. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé obìnrin náà kórìíra ọkọ̀ bàbá ẹ̀.

Ká sì sọ tòótọ́, Ìjàpá yìí kì í ṣe ọ̀lẹ bí orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí rogodo bí ìgbá ahun ló sọ ọ́ lórúkọ. Ferdinand Porsche ló yà á ní Jámánì ṣáájú ogun àgbáyé kejì, ìtumọ̀ Volkswagen lédè wọn sì ni ọkọ̀ aráàlú. Nígbà tó di ọdún 1948, ọmọ rẹ̀ mú lára ẹ̀yà ara Ìjàpá, ó fi ṣe ọkọ̀ eré kan, ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń sá bí ẹṣin, wọ́n pè é ní Porsche 356. Àwọn olówó tí wọ́n ń yangàn pẹ̀lú Porsche títí dòní, ẹ bá wọn sọ pé ọmọ Ìjàpá ni wọ́n ń gùn. Àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà náà ní ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní Safari, tí wọ́n máa ń sá mọ́tò nínú eruku àti ẹrẹ̀ la Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà kọjá láyé ìgbà náà. Ìjàpá gba ipò kìíní níbẹ̀ lọ́dún 1954, ó gbà á lọ́dún 1957, ó tún gbà á lọ́dún 1962. Ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ Peugeot 504, ẹ má bínú, tiyín náà gbà á lọ́dún 1975 àti 1978, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ débẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Ọ̀jọ́ yẹn tún ta ọkọ̀ kan tí wọ́n sọ ní Ìgalà. Brasília lorúkọ tó ń jẹ́ ní Bùràsíìlì tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é lọ́dún 1973. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn bíi ti Ìjàpá, atẹ́gùn ló ń tù ú bíi ti Ìjàpá, àmọ́ ara tiẹ̀ ṣe gbọọrọ, ó sì ní ilẹ̀kùn lẹ́yìn téèyàn lè gbé sókè kó ti ẹrù sí i. Ẹ ò rí nǹkan? Ìjàpá àti Ìgalà jọ ń jáde láti géètì kan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ àlọ́ ní kékeré ti mọ ẹni tó máa kẹ́yìn sójú ọ̀nà. Ìgalà ti sá wọ igbó tipẹ́, ó ṣòroó rí. Ìjàpá ṣì ń rá bọ̀.

Ohun tó jẹ́ káwọn mẹkáníìkì àgbà fẹ́ràn rẹ̀ kò ju pé kò fi nǹkan pamọ́ fún wọn. Kò ní rèdíétọ̀, kò mu omi. Bẹ́líìtì kan ló ń yí fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnì, bẹ́líìtì yẹn náà ló ń yí dáínámò. Bó bá já, iná pupa á tàn lójú dírẹ́bà, kí dírẹ́bà náà tètè dúró. Bóòtù mẹ́rin péré ló so ẹ́ńjìnì mọ́ jíábọ́ọ̀sì. Èèyàn méjì tó mọṣẹ́, pẹ̀lú jáàkì kan, wọ́n á ti sọ ọ́ kalẹ̀ kí ìyá olóúnjẹ tó gbé ìrẹsì ọ̀sán dé. Ẹ̀yin fọkanáísà, ẹ gbọ́ èyí: omi tó ń fọ gíláàsì iwájú rẹ̀, atẹ́gùn inú táyà ìpamọ́ ló ń tì í jáde. Ìdí nìyẹn táwọn dírẹ́bà Ìjàpá fi máa ń ní kí wọ́n fún táyà ìpamọ́ ní atẹ́gùn ju ti ilẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ronú irú ẹ̀, ó ronú fún ẹni tí kò lówó tó pọ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀gá mẹkáníìkì kan wà ní Ìlobùú tó jẹ́ pé ara Ìjàpá Bàbá Tíṣà ló ti kọ́ṣẹ́. Ọmọ kékeré ni nígbà náà, òun ló ń gbé àtùpà fún ọ̀gá tirẹ̀. Ó máa ń sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín pé, "Bàbá Tíṣà ò kọ́ mi ní ABD, mọ́tò wọn ló kọ́ mi." Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì nílẹ̀ Yorùbá ṣe ríṣẹ́ kọ́. Ìjàpá ni síléètì wọn.

Àmọ́ ayé yí. Láti ọdún 1986 tí náírà ti bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun di ohun tí tíṣà ń wò nínú ìwé ìròyìn. Tòkúnbọ̀ ló kù. Ibi tí Màíkírà ti rọ́nà wọlé nìyẹn. Ilé iṣẹ́ Nissan ti Japan ló ni ín. Èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1992, Sunderland nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é, àwọn òyìnbó sì fi í ṣe ọkọ̀ tó peregedé jù lọ́dún 1993 ní gbogbo Yúróòpù. Lẹ́yìn tí wọ́n lò ó tó sú wọn, ó gba orí omi wá. Ó wọ Ìbàdàn, ó di takisí, ó sì gba ojú títì mọ́ gbogbo ọkọ̀ tó kù lọ́wọ́. Ìjàpá tiẹ̀, èyí tó kẹ́yìn láyé jáde ní Mẹ́síkò ní oṣù keje ọdún 2003, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù 21 lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ní in, ohun àtijọ́ ló ní.

Ìyá Elélùbọ́ ń kó èlùbọ́ láti apá Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Ìfọ́n, ó sì ń gbé e lọ sí ọjà Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo. Kórópè ló fi ń kó o, nígbà mìíràn ọ̀kadà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ẹ̀ mọ bó ṣe rí. Owó èrò lọ́tọ̀, owó ẹrù lọ́tọ̀, owó alábàárù lọ́tọ̀. Bí òjò bá rọ̀ lé àpò, àdánù. Ọjọ́ tí Ààrẹ Tinubu gorí oyè, ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, bẹntiróòlù tí wọ́n ń ta lítà rẹ̀ ní nǹkan bíi N200 di N500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti ré N1,000 kọjá. Àwọn onímọ́tò gbé owó lé ọkọ̀, èlùbọ́ ò sì lè tìtorí ẹ̀ di góòlù. Obìnrin náà jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, ó fi ìka ṣírò, ó rí i pé òun ń ṣiṣẹ́ fún onímọ́tò ju fún ara òun lọ. Ó ní àfi kóun ra ọkọ̀. Ó ní owó àjọ nílẹ̀, àmọ́ kò tíì tó.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọkùnrin kan ti Èkó wá, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wá ọkọ̀ àtijọ́ kiri láti fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ó rí Ìjàpá lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tó ti wà fún ọdún méjìlá tí adìyẹ ń yé sí ìjókòó rẹ̀. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó dárúkọ owó. Owó ọ̀hún ò kéré. Tí wọ́n bá fi kún owó àjọ, Màíkírà dé nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Ìyá Elélùbọ́ tó wà ní Èkó gbọ́, ó wọkọ̀ wálé. Nínú ìpàdé ẹbí, ó ní:

"Ìjàpá yẹn kì í ṣe títà. Ohun ìrántí ilé yìí ni. Ẹni tó bá tà á, ó ta orúkọ Bàbá."

Àbúrò rẹ̀ kúnlẹ̀ kó tó dá a lóhùn. "Bọ̀dá mi, ẹ má bínú o. Ìrántí kì í gbé èlùbọ́ lọ sí Ìgbọ̀nà. Ìgbà Iléyá nìkan lẹ máa ń wá wò ó. Ẹ̀ ẹ́ ya fọ́tò, ẹ̀ ẹ́ bá tiyín lọ. Èmi ni mo ń lé adìyẹ kúrò nínú ẹ̀."

Gbogbo ilé dákẹ́. Bàbá Tíṣà, ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ń fi tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò gbóhùn sókè. "Èmi ò mọ̀ pé mo ti kú tẹ́ ẹ ti ń pín ogún. Ẹ pe mẹkáníìkì wá. Bó bá jí, ká mọ̀ pé ó jí. Bí kò bá jí, ẹ ta á."

Ọ̀gá mẹkáníìkì lo ọjọ́ mẹ́ta. Ó fọ kabúrẹ́tọ̀, ó pààrọ̀ plọ́ọ̀gì àti bẹ́líìtì, ó pààrọ̀ rọ́bà tó ń gbé epo, ó wá bírééki tó bá a mu títí dé Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kẹta, ó jí. Ohùn rẹ̀ tó ń dún bí ìgbà tí èèyàn mẹ́ta bá ń gún iyán pọ̀ mú káwọn ìyá àgbà jáde síta. Àwọn ọmọdé yọ fóònù, wọ́n ń ká a sílẹ̀. Bàbá Tíṣà ò sọ nǹkan kan. Ó kàn gbọ́wọ́ lé ẹ̀yìn ọkọ̀ náà bí ẹni ń bá ewúrẹ́ rẹ̀ ṣeré.

Ẹ̀gbọ́n Èkó rò pé òun ti jàre. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Kó máa lo Ìjàpá, kí owó àjọ rẹ̀ wà nílẹ̀."

Ìyá Elélùbọ́ gbà láti dán an wò. Lówùúrọ̀ ọjọ́ ọjà, wọ́n fẹ́ di ẹrù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ gbẹnu. Iwájú Ìjàpá ni bùútù rẹ̀ wà, táǹkì epo ló sì jókòó síbẹ̀, táyà ìpamọ́ jókòó tẹ̀ lé e. Àyè tó kù ò gba àpò èlùbọ́ kan. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ju méjì lọ. Kí ẹrù tó dé ẹ̀yìn, wọ́n á kọ́kọ́ dojú ìjókòó iwájú dé, wọ́n á fi orúnkún ti àpò wọlé. Àpò mẹ́ta ni wọ́n rí tò sórí ìjókòó ẹ̀yìn, aṣọ alábàárù sì ti funfun báláú kí wọ́n tó ṣe tán.

Wọ́n ò tíì kọjá Ẹ̀rín-Ọ̀ṣun tí òórùn rọ́bà tó ń jó fi gba imú wọn. Ọ̀gá mẹkáníìkì tó ń wakọ̀ dúró kíá, ó wọ́ àpò sílẹ̀, ó gbé ìjókòó sókè. Èéfín ti ń rú lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ìjàpá mọ̀ pé abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì rẹ̀ wà. Bí ẹrù tó wúwo bá jókòó lé e, wáyà sípíríǹgì ìjókòó á fara kan orí bátìrì, iná á sọ. Ọ̀gá gé túùbù àlòkù, ó ká a lé bátìrì lórí, ó ní, "Ó ti parí, ìyá wa. Ohun tá a máa ń ṣe láyé àtijọ́ nìyẹn."

Ìyá Elélùbọ́ dúró lẹ́bàá títì, ó di gèlè ẹ̀ le. "Ọ̀gá, ẹ ṣé o. Àmọ́ ẹ̀mí èmi àti èlùbọ́ mi ló jókòó lé bátìrì yẹn."

Ọjọ́ yẹn ló dárí ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe pé Ìjàpá burú. Ọkọ̀ tí wọ́n yà fún bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta tó ń lọ kí ará ilé ni. Wọn ò yà á fún èlùbọ́. Màíkírà ní ilẹ̀kùn lẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá dojú ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ dé, ilẹ̀ á tẹ́ gbalaja láti ẹ̀yìn dé ìdí dírẹ́bà, àpò á kàn máa yọ́ wọlé ni. Ó sì ń mu epo kéré sí Ìjàpá. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta lítà kan, ìyá ọlọ́jà tí kò bá ka ìyẹn sí, ọkọ ẹ̀ ló ń bu owó fún un.

Ó ṣe é ní ọdún 2024. Ó kó àjọ, ó yá díẹ̀ lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó ra Màíkírà, irú èyí tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2002. Iwájú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, iná rẹ̀ yọ bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Bàbá Tíṣà wò ó títí, ó ní, "Ọmọ Ìjàpá lèyí náà." Wọn ò ta Ìjàpá. Ẹ̀gbọ́n Èkó dúpẹ́ púpọ̀, àmọ́ kò dá owó kankan sí Màíkírà.

Ẹ má wulẹ̀ rò pé ọ̀nà tẹ́jú látìgbà náà o. Màíkírà ń mu omi, rèdíétọ̀ tòkúnbọ̀ sì ni jíjò lọ́wọ́. Ọmọ Ìyá Elélùbọ́ tó ń wà á ò wo ojú gééjì, omi tán nínú ẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì òkè jó. Èrè èlùbọ́ oṣù méjì wọ ibẹ̀. Ìyẹn ṣì yé Ọ̀gá mẹkáníìkì, ó tú u, ó dè é. Ohun tí kò yé e ni iná kékeré aláwọ̀ ọsàn tó wá tàn, tó kọ̀ tí kò kú. Ó tú bátìrì, ó tún un so. Ó yẹ plọ́ọ̀gì wò. Iná ò kú. Wọ́n ní kó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan ní Òṣogbo tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ọpọlọ mọ́tò wò. Ọmọ ọ̀hún ò tó bíi ọmọ rẹ̀ kejì. Ó ki wáyà bọ abẹ́ síárìn, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó ní, "Bàbá, sẹ́ńsọ̀ ni." Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ó sì gba owó tí Ọ̀gá máa fi odidi ọjọ́ kan wá lábẹ́ mọ́tò.

Àwọn tó rí Ọ̀gá lọ́jọ́ yẹn ní kò jẹun alẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlara. Ẹni tó ti lo ogójì ọdún nídìí iṣẹ́, tó máa ń fi etí gbọ́ àrùn ẹ́ńjìnì láti ojúlé kejì, wọ́n wá ní etí rẹ̀ ò wúlò mọ́. Irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí télọ̀, ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn oníṣẹ́ rédíò, ó ń ṣẹlẹ̀ sí fọ́tògíráfà. Ọ̀gá jókòó ti ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ló ra ẹ̀rọ kékeré tiẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ka ìwé mẹ́wàá ló ń ka ohun tó bá kọ fún un. Ọ̀gá á wá sọ ibi tí wọ́n máa fọwọ́ kàn. Àwọn méjèèjì jọ ń kọ́ra wọn níṣẹ́ ni.

Lọ́dún 2025, ohun tó ju ọ̀rọ̀ mọ́tò lọ ṣẹlẹ̀. Wàhálà ilẹ̀ tún bẹ́ láàárín Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹ̀rín-Ọ̀ṣun, ìjọba ìpínlẹ̀ sì kéde kónílé-ó-gbélé. Ìyá Elélùbọ́ wà ní Ìfọ́n, bàbá rẹ̀ wà ní Ìlobùú, ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé. Màíkírà wà lápá ìhín, Ìjàpá wà lápá ọ̀hún, méjèèjì ò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Fóònù ni wọ́n fi ń kíra. Obìnrin náà á bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé oògùn ìfúnpá yín ṣì kù?" Bàbá á ní, "Ó kù. Ìwọ ṣáà má jáde o." Oògùn ọ̀hún ò kù. Aládùúgbò kan ló fún un ní tirẹ̀ lò. Èlùbọ́ wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rà á. Àwọn oníbàárà Ọ̀gá tó ń ti Ìfọ́n wá dẹ́kun wíwá, kódà lẹ́yìn tí títì ti là, àwọn kan ò padà wá mọ́.

Ọjọ́ tí ọ̀nà là, Màíkírà ló kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà Bàbá Tíṣà. Dókítà ní Òṣogbo ń retí rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n Èkó tó ti wálé ní kí wọ́n fi Ìjàpá gbé Bàbá lọ, pé yóò dùn mọ́ ọn nínú. Wọ́n sún Ìjàpá wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ méjèèjì wá dúró síwájú ilé.

Bàbá wo ọ̀kan, ó wo ìkejì. Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí Màíkírà.

"Orúnkún mi ò lè tẹ̀ wọ Ìjàpá mọ́," ló wí. "Èyí ga díẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì fẹ̀. Ẹ gbé mi lọ kí oòrùn tó mú."

Ìjàpá wà ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá báyìí, Bàbá ló ní kí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀. Ó ti di òfin níbẹ̀ pé ọmọ iṣẹ́ kankan ò ní ṣe fírídọ̀ọ̀mù láìjẹ́ pé ó dá sọ ẹ́ńjìnì Ìjàpá kalẹ̀, kó tú u palẹ̀ pátápátá, kó tún un tò, kó sì gbé e padà kó jí. Ọmọ iṣẹ́ tó ń ka ẹ̀rọ fún Ọ̀gá ló wà nídìí ẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ó ti gbé e padà lẹ́ẹ̀mejì, kò tíì jí. Ọkùnrin Èkó yẹn ṣì ń pe fóònù, owó tó ń dárúkọ sì ti lé sí i.